Èmi Ni Mo Fẹ̀yìn Ti Ilẹ̀kùn

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà mí dé ìparí kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tí mo ti ń gbé kiri láti ìgbà tí àkọ́bí mi ti wà ní ìkókó. Ọmọ náà ti wọ yunifásítì báyìí ní Àgọ́-Ìwòyè. Ẹnì kan ṣoṣo tó tún mọ ọ̀rọ̀ náà ni ìyá mi, ìyá mi sì ti kú. Mo rò pé tí a bá ti sin ín, ọ̀rọ̀ náà máa bá a lọ. Kò bá a lọ.

Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ nísinsìnyí ni pé ìyàwó mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í fọkàn tán mi. Ẹ máa ní ohun ayọ̀ nìyẹn. Ayọ̀ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n orí irọ́ ló gbé ìfọkàntán náà lé, èmi ni mo sì pa irọ́ yẹn.

Olùkọ́ ni mí, mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Abígi ni wọ́n ti bí mi, lọ́dọ̀ àwa ará etí omi. Ìyàwó mi, ẹ jẹ́ kí n pè é ní Bọ́sẹ̀, ọmọ Àgọ́-Ìwòyè ni. Akọ̀wé ni ní ọ́fíìsì kan nínú yunifásítì náà. Ilé ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà la ti pàdé, níbẹ̀ la ti ṣègbéyàwó. Yàrá méjì la gbà ní àdúgbò Atíkorí nígbà tí a bẹ̀rẹ̀, ilé ìwẹ̀ wa wà ní ẹ̀yìnkùlé, ilẹ̀kùn páànù ló ní.

Nígbà tí Bọ́sẹ̀ bí Tọ́lá, ìyá mi wá láti Abígi láti wá wẹ ọmọ. Ẹ̀yin tí ẹ ti bímọ mọ bó ṣe ń rí. Kì í ṣe ọmọ nìkan ni wọ́n máa ń wẹ̀. Wọ́n á gbé omi kaná, wọ́n á ki aṣọ ìnura bọ̀ ọ́, wọ́n á fún un, wọ́n á wá máa fi gbígbóná rẹ̀ tẹ ikùn ìyá ọmọ, kí ẹ̀jẹ̀ tó kù lè jáde, kí ikùn lè wọlé. Lẹ́yìn náà wọ́n á ní kó jókòó lé omi gbígbóná. Wọ́n ṣe é fún ìyá mi, ìyá mi sì ṣe é fún àwọn àbúrò mi obìnrin, kò sì sí èyí tó kú nínú wọn. Bí ìyá mi ṣe máa ń wí i nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ojú ara Bọ́sẹ̀ ya díẹ̀ nígbà tó ń bímọ, wọ́n rán an ní ọsibítù. Nọ́ọ̀sì ti kìlọ̀ fún un pé kó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi omi gbígbóná tẹ òun. Èmi náà wà níbẹ̀ nígbà tí nọ́ọ̀sì sọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí ìyẹn, torí mi ò lè sọ pé mi ò mọ̀.

Bọ́sẹ̀ fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ fún ìyá mi. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Màmá, ẹ ṣeun. Ẹ bá mi wẹ ọmọ. Ti ikùn yẹn, ẹ jẹ́ ká fi í lẹ̀, mà. Mi ò fẹ́."

Ìyá mi wò ó títí. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì tó sọ fún ẹ yẹn, ó ti bímọ rí?"

Ó tún ní kí òun tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ kejì, Bọ́sẹ̀ tún kọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, ìyá mi kò bi í mọ́. Èmi ló wá bi. Mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ń fi ẹ̀wà jẹ ẹ̀kọ. Ó ti gbé omi kaná. Ó ní, "Ìwọ lo ni ìyàwó. Kí wo wí? Ṣé kí n tẹ̀ ẹ́ àbí kí n di ẹrù mi? Mé è ní í jẹ́ kí wọ́n fi ọmọ mi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ikùn ìyàwó rẹ̀ ṣù síta."

Bó ṣe rí lọ́dọ̀ wa nìyẹn. Tí ọkọ bá ti gbà, ó ti parí. Kò sí ẹni tí yóò tún padà lọ bi ẹni tó ni ikùn. Mo gbé òkèlè ẹ̀kọ mì, mo ní, "Ẹ tẹ̀ ẹ́, Màmá."

Ó ní kí n wá dúró sí ẹnu ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀, torí ilẹ̀kùn náà kò ní ohun tí wọ́n lè fi tì í níta, Bọ́sẹ̀ sì lè sá jáde. Mo dìde. Mo ti fi ẹ̀kọ mi sílẹ̀ kí ó tó sọ ọ́ tán. Ìgbọràn tí mo ní sí ìyá mi pọ̀, gbogbo Abígi ló máa ń yìn mí fún un.

Bọ́sẹ̀ wà nínú ilé ìwẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó fẹ́ fi omi tó lọ́ wọ́ọ́wọ́ ṣan ara. Ìyá mi wọlé tọ̀ ọ́ pẹ̀lú ìkòkò omi. Mo fa ilẹ̀kùn pa dé lẹ́yìn rẹ̀, mo yíjú, mo fẹ̀yìn tì í, mo fi ẹsẹ̀ kan ti ilẹ̀.

Mo gbọ́ nígbà tó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́." Mo gbọ́ nígbà tó ní, "Mi ò fẹ́, mi ò fẹ́." Lẹ́yìn náà mo gbọ́ igbe. Lẹ́yìn igbe ni ó sáré sí ilẹ̀kùn. Ó fi ọwọ́ méjèèjì tì í. Páànù yẹn fẹ́lẹ́, mo mọ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lẹ́yìn mi, mo mọ èyí ọ̀tún, mo mọ èyí òsì. Ó ń pè mí. "Dádì Tọ́lá! Dádì Tọ́lá o!" Ó rò pé inú ilé ni mo wà, ó ń pariwo kí n lè gbọ́ láti ọ̀hún.

Mo gbọ́ ọ. Mi ò dáhùn. Mo tún fi ẹsẹ̀ mi ti ilẹ̀ dáadáa.

Ẹ jọ̀ọ́, mi ò wá àwáwí. Ohun tó wà lọ́kàn mi nígbà náà ni pé kò ní pẹ́ parí, pé ire rẹ̀ ni, pé yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ wa tó bá yá. Òmíràn tún wà, mo ń jẹ́wọ́ ni, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́: ojú ń tì mí láti ṣílẹ̀kùn. Mo rò ó pé tí mo bá ṣí i, á rí i pé èmi ni.

Nígbà tí ó dákẹ́, mo gba ẹ̀yìn ilé jáde. Mo rìn dé ojú títì, mo ra búrẹ́dì. Mo dúró díẹ̀ kí n tó padà, kí ó lè dà bíi pé mo ti jáde tipẹ́.

Ó ti wà lórí ẹní nígbà tí mo dé. Omi ti bó o lára nísàlẹ̀ ìdodo. Ibi tí wọ́n rán ti tú. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà la gbé e padà sí ọsibítù, ibẹ̀ ló sì wà títí wọ́n fi tún un rán. Ṣùgbọ́n kí a tó gbé e, ó wò mí, ó ní, "Níbo lẹ wà?"

Mo fi búrẹ́dì hàn án. Mo ní, "Mo lọ ra búrẹ́dì."

Ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Mo mọ̀. Mo mọ̀ pé ká ní ẹ wà nílé ni, ẹ ò ní gbà."

Ìyá mi wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó wò mí, mo wò ó. Ó wá sọ fún Bọ́sẹ̀ pé ilẹ̀kùn ló há, pé òun náà tì í, tì í, kò ṣí, pé páànù náà ti dípẹtà. Ó rò pé òun ń gbà mí ni. Láti ọjọ́ yẹn títí tó fi kú, ìyàwó mi kò fẹ́ràn ìyá mi, ìyá mi sì gba gbogbo rẹ̀ mọ́ra, kò fẹnu kàn mí.

Ẹ gbọ́ ohun tí mo ṣe. Nígbà tí Bọ́sẹ̀ tọsibítù dé, mo ti tún ilẹ̀kùn náà ṣe. Mo fi òróró sí ìdè rẹ̀, mo gé etí páànù tó tẹ̀, mo ní kó ṣí i wò. Ó fi ìka kan tì í, ó ṣí. Ó sunkún, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo gba ọpẹ́ náà.

Lẹ́yìn ìyẹn ara rẹ̀ kọ̀ mí. Bí mo bá fọwọ́ kàn án láìròtẹ́lẹ̀, á ta gìrì. Bí mo bá sún mọ́ ọn lórí ibùsùn, á kọjú sí ògiri, á dákẹ́. Mo ka ìdákẹ́ rẹ̀ sí pé ó gbà. Mi ò bi í rí pé ṣé ó fẹ́. Ta ló ń bi ìyàwó ẹ̀? Báyìí la ṣe bí àbúrò Tọ́lá. Tí mo bá rántí báyìí, n kì í lè wo ojú ara mi nínú dígí.

Lẹ́yìn ọmọ kejì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ mí pé kí n máa jẹ́ kí òun sùn lọ́dọ̀ àwọn ọmọ. Mo bínú. Mo lọ fẹjọ́ rẹ̀ sun ìyá rẹ̀ ní Àgọ́-Ìwòyè, mo ní ọmọ yín ò ṣe ìyàwó fún mi mọ́. Ìyá rẹ̀ bá a wí níṣojú mi. Ẹnì kan ní bóyá ó ní ọkọ ọ̀run. Mo tẹ́wọ́ gba ìyẹn wéré, ó sàn fún mi ju òótọ́ lọ. Mo mú un lọ sí ìjọ Aládùúrà kan, wọ́n ní kó gbààwẹ̀, ó gbà á. Ó rù. Ó máa ń kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, á ní kí Ọlọ́run dárí ji òun, kí ó tú òun sílẹ̀ fún ọkọ òun. Ẹ̀ṣẹ̀ mi ló ń gbààwẹ̀ fún. Mo ń gbọ́ àdúrà náà, mo ń ṣe "àmín" sí i.

Ọdún lọ lórí ọdún. A di ẹni tó ń bá ara wọn gbélé bíi tẹ̀gbọ́n tàbúrò.

Nígbà tí ìyá mi kú ni nǹkan yí padà. Bọ́sẹ̀ bá mi dé Abígi, ó ṣe gbogbo ohun tó yẹ kí ìyàwó ilé ṣe, kò sunkún. Nígbà tí a padà, ó ní obìnrin kan wà ní yunifásítì tó ń kọ́ni nípa ìlera ara, pé ó ń kó àwọn tọkọtaya jọ ní àárọ̀ Sátidé ní gbọ̀ngàn kan nítòsí ọgbà ilé ìwé. Ó ní òun fẹ́ ká lọ. Kò bẹ̀ mí ní nǹkan kan fún ọ̀pọ̀ ọdún, mi ò lè sọ pé rárá.

Ẹ̀yin èèyàn mi, tí ẹ bá rí ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀, ẹ máa rẹ́rìn-ín. Wọ́n tẹ́ ẹní. Ọkọ jókòó, ìyàwó jókòó, wọ́n kọjú síra wọn. Ẹnì kan á bi ẹnì kejì, "Ṣé kí n fọwọ́ kan ọwọ́ rẹ?" Ẹnì kejì lè sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, ó lè sọ pé rárá, ó lè sọ pé dúró ná. Tó bá sọ pé rárá, ẹni tó bèèrè á ní, "O ṣeun," á sì gbé ọwọ́ rẹ̀ lé itan ara rẹ̀. Kò gbọdọ̀ bèèrè ìdí. Kò gbọdọ̀ fajú ro. Lẹ́yìn náà wọ́n á pààrọ̀. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bàbá kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní, "Ẹni tó ti bí ọmọ mẹ́rin fún mi, ni mo wá ń tọrọ ìka lọ́wọ́ rẹ̀." A rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo rẹ́rìn-ín jù.

Mo bi Bọ́sẹ̀, ó ní rárá. Mo ní o ṣeun. Mo tún bi í ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó ní rárá. Mo kíyè sí i pé bó ṣe ń sọ rárá yẹn, tí kò sì sí ohun tó ṣẹlẹ̀, èjìká rẹ̀ ń rọlẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà tó sọ nínú ilé ìwẹ̀ ni, ṣùgbọ́n báyìí, tó bá ti sọ ọ́, ó ń ṣiṣẹ́. Mi ò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ó pẹ́ kó tó sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ọwọ́ ló kọ́kọ́ jẹ́. Lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan, ó di èjìká. A wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é nílé lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, lórí ẹní, tẹlifíṣọ̀n á wà ní pípa. Lọ́jọ́ kan ó bi mí pé ṣé kí òun gbé orí lé itan mi. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó gbé e lé e, ó sì sùn lọ. Mi ò mira. Ẹsẹ̀ mi kú tipiri, omijé ń bọ́ lójú mi. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ohun tí mo ń wá láti ìgbà náà nìyí, oorun obìnrin tí ẹ̀rù mi ò bà.

Ṣùgbọ́n ní Sátidé kan, olùkọ́ náà ní kí ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ sọ̀rọ̀. Bọ́sẹ̀ dìde. Ó sọ ọ̀rọ̀ omi gbígbóná níṣojú gbogbo wọn. Ó ní, "Mo pariwo, kò sẹ́ni tó gbà mí. Ilẹ̀kùn há. Ohun tó jẹ́ kí n lè dúró nínú ilé yẹn títí dòní ni pé ọkọ mi ò sí nílé lọ́jọ́ náà. Ọwọ́ tiẹ̀ nìkan ni ò sí nínú ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kó bá mi wá síbí."

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Bàbá tó máa ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi gbá mi lẹ́yìn pẹ̀pẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín músẹ́, mo tẹrí ba bí ẹni tí ó ní ìrẹ̀lẹ̀. Ìgbà kejì nìyẹn tí mo gba ọpẹ́ tí kì í ṣe tèmi.

Mo gbìyànjú láti gba ìmọ̀ràn. Mo sọ ọ́ fún olùkọ́ kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́, mo ní ọ̀rẹ́ mi kan ló ṣe irú nǹkan báyìí. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Sọ fún ọ̀rẹ́ ẹ yẹn kó panu ẹ̀ dé. Egbò tó ti jinná, ta ló ń ha á?" Mo mọ̀ pé ó ti mọ ẹni tí ọ̀rẹ́ náà jẹ́. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ tù mí nínú fún bí ọ̀sẹ̀ kan.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, a tẹ́ ẹní bí a ṣe máa ń ṣe. Bọ́sẹ̀ kò dúró kí n bi òun. Ó tú ìró rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀, ó fi àpá yẹn hàn mí. Láti ọjọ́ náà, kò jẹ́ kí n rí i rí, ó máa ń paná kó tó pààrọ̀ aṣọ. Àpá náà fẹ̀ ju bí mo ṣe rò lọ, ó ń dán, ó sì hunjọ létí. Ó ní, "Mo ti rò ó. Ẹ lè fọwọ́ kàn án. Ẹ̀yin nìkan ni mo lè gbà fún."

Ẹ jọ̀ọ́, ohun tí mo ti ń tọrọ láti bí ogún ọdún nìyẹn. Mo na ọwọ́. Ó kù díẹ̀ kó kàn án. Mo wá mọ̀ pé kì í ṣe èmi ló gbà fún. Ọkùnrin tó lọ ra búrẹ́dì ló gbà fún, ọkùnrin yẹn kò sì sí láyé. Tí mo bá fọwọ́ kàn án báyìí, ìgbà kejì nìyẹn tí mo máa ṣe ohun tí kò fẹ́ sí ikùn yẹn, àfi pé lọ́tẹ̀ yìí kò mọ̀ pé òun ò fẹ́.

Mo fa ọwọ́ mi padà. Mo ní ọwọ́ mi tutù.

Ó wò mí. Mo rò pé á bínú, tàbí pé á rò pé àpá náà ló rí mi lára. Ó kàn so ìró rẹ̀ padà, ó ní, "Ó dáa. Ẹ ṣeun tí ẹ sọ fún mi. Èmi náà ò ní fipá mú yín."

Láti ìgbà náà n kì í sùn dáadáa. Ẹ̀yin òǹkàwé, pàápàá ẹ̀yin obìnrin, ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Tí mo bá sọ fún un, ohun kan ṣoṣo tí Bọ́sẹ̀ fẹ̀yìn tì nínú ilé yìí á wó, àwọn ọmọ á gbọ́, ó sì lè má wo ojú mi mọ́ láéláé. Tí mi ò bá sọ, á máa fún mi ní ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí á fi fún mi tán, mo sì máa jẹ́ olè.

Mo tiẹ̀ rò ó pé kí n bi í ní ọ̀nà tí wọ́n kọ́ wa. Kí n jókòó sórí ẹní, kí n ní, "Bọ́sẹ̀, ọ̀rọ̀ kan wà nípa ọjọ́ yẹn tí o ò mọ̀. Ṣé o fẹ́ gbọ́?" Ṣùgbọ́n mo ti yẹ ọkàn mi wò, mo sì rí ohun tó wà níbẹ̀. Mò ń gbàdúrà pé kó sọ pé rárá.